Oògùn olóró ló pa àbúrò mi ni, àbí àìsàn ọkàn ìdílé? Àwa ọmọ ìyá ẹ̀ tó kù ńkọ́?

OmoAjilete_Gidi | Ọjọ́ Ajé, 10:47 alẹ́

Ẹ kúulé o, ẹ̀yin ará wa. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí láìdá sí i. Ọ̀rọ̀ ti wá kan ilé wa báyìí.

Àbúrò mi ọkùnrin, ẹni ọdún 26, ṣubú lórí pápá ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Àìkú kan, ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́rin báyìí. Bọ́ọ̀lù àdúgbò lásán ni, kì í ṣe ìdíje. Wọ́n ní ó sáré tẹ̀lé bọ́ọ̀lù kan, ó dúró, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún bí ẹni tó fẹ́ mí, ló bá wó lulẹ̀. Kò pariwo. Ara ẹ̀ gbọ̀n díẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ bá rò pé wárápá ni. Wọ́n da omi lé e lórí, wọ́n ki ṣíbí sí i lẹ́nu. Ẹnìkan sáré lọ ra mílíìkì alágolo, wọ́n ní yóò pa agbára ohun tó mu. Òótọ́ ni pé ó mu nǹkan. Tírámádò ló fi énájì dírìǹkì gbé mì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ eré.

Wọ́n gbé e sáàárín èèyàn méjì lórí ọ̀kadà. Nígbà tí wọ́n fi máa dé ọsibítù, ó ti parí. Ṣíbí yẹn ṣì wà lápò ọ̀kan nínú wọn nígbà tí mo débẹ̀, ọrùn ẹ̀ ti tẹ̀. Mi ò mọ ìdí tó fi jẹ́ ṣíbí ni mo ń rántí.

Wọ́n ní wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ òkú náà wò. Bàbá wa ò fẹ́, mùsùlùmí ni wá, a fẹ́ sin ín kíá, àmọ́ kò sọ́gbọ́n tá a lè dá. Èsì jáde: oògùn wà lára ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣan ọkàn ẹ̀ ti ki kọjá bó ṣe yẹ, pàápàá ògiri tó pín ọkàn sí méjì. Dókítà tó ṣe é pe èmi nìkan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní àìsàn yìí a máa rìn nínú ẹbí, kí àwa ọmọ ìyá ẹ̀ àti àwọn òbí wa lọ ṣe ECG, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń ka iná ọkàn, àti echo, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń ya àwòrán ọkàn.

Ilé wa wá dàrú. Ìyá wa ní oògùn olóró ló pa á, ó tán. Ẹni tó bá tún dárúkọ àìsàn ìdílé ń wá ọ̀nà láti ba ọjà àbúrò mi obìnrin tó ń wá ọkọ jẹ́ ni. Àwọn ará ilé bàbá ní wọ́n ta á lọ́fà ni. Bàbá wa kì í sọ nǹkan kan. A ku mẹ́rin. Èmi ni àkọ́bí, mo ti wà nílé ọkọ. Àbíkẹ́yìn wa jẹ́ ọmọ ọdún 19, ó wà ní LAUTECH. Òun náà ń lo tírámádò, mo mọ̀. Lọ́dún tó kọjá, ó dákú lẹ́ẹ̀kan níbi tó ti ń sáré lé mọ́tò tó fẹ́ já a sílẹ̀. A ní ebi ni.

Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?


IyaIbeji_Arada | Ọjọ́ Ajé, 11:02 alẹ́

Ha. Ẹ kú ará fẹ́ra kù o, àǹtí. Ọgbẹ́ ọmọ kì í jinná bọ̀rọ̀, ẹ má bá ìyá yín jà lálẹ́ òní. Nọ́ọ̀sì Takie, ibo lẹ wà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọjú.


Noosi_Takie | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:36 àárọ̀

Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ti ń bọ̀, ẹ fojú fo àṣìkọ mi. Ẹ kú ìrọ́jú, àǹtí.

Òótọ́ ni dókítà yẹn bá yín sọ. Orúkọ tí ẹ máa rí nínú ìwé èsì ni hypertrophic cardiomyopathy, HCM ni wọ́n sábà ń kọ. Kì í ṣe ohun àràmàǹdà: nínú èèyàn bíi 500, ẹnìkan á ní in. Iṣan ọkàn á máa ki láìjẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló fà á. Ẹ wo ilé tí wọ́n ń ti inú mọ bíríkì kún ògiri ẹ̀. Ẹni tó wà níta ò ní rí ìyàtọ̀ kankan, ṣùgbọ́n yàrá ń kéré sí i, ẹnu ọ̀nà sì ń há. Ẹ̀jẹ̀ á wá máa fi tipátipá gba ibi tóóró jáde. Okùn iṣan tó ki yẹn tún lọ́ mọ́ ara wọn, iná tó ń mú ọkàn lù sì ń ṣìnà láàárín wọn. Lọ́jọ́ tí iná yẹn bá dàrú pátápátá, ọkàn ò ní lù mọ́, yóò kàn máa gbọ̀n rìrì. Ẹ̀jẹ̀ ò ní dé ọpọlọ. Ìyẹn lẹ ṣe gbọ́ pé ó dúró, ó sì wó.

Oògùn tó mu ńkọ́? Ìyá yín ò parọ́, dókítà náà ò parọ́. Tírámádò tó bá pọ̀ lápọ̀jù a máa fa gìrì, a máa fa èémí sẹ́yìn, ó sì lè da iná ọkàn rú. Énájì dírìǹkì ń lé ọkàn sáré. Eré bọ́ọ̀lù tún wà níbẹ̀, òógùn ń jáde, omi ara ń gbẹ. Ẹni tí ọkàn ẹ̀ pé gan-an lè má yè é bọ̀. Ọkàn tó ti ki ni wọ́n wá kó gbogbo ẹ̀ lé lórí. Mo ti tọ́jú ẹni tó ní àìsàn yìí tí kò fẹnu kan ọtí rí. Mo sì ti rí ẹni tí oògùn nìkan pa, tí ọkàn ẹ̀ ò ní àlébù kankan. Ti àbúrò yín, méjèèjì pàdé lára ẹ̀ ni. Ibi tí mo ń lọ rèé: bí ẹ bá ní oògùn nìkan ni, ẹ máa padà sílé lọ jókòó, ẹ máa rò pé ẹni tí kì í mu nǹkan ò ní ewu.

Bó ṣe ń rìn nínú ẹbí ò rí bíi ti jẹ́nótáìpù AS àti AS tí gbogbo wa mọ̀. Ti SS, bàbá á fún ọmọ, ìyá náà á fún un. Eléyìí, òbí kan ṣoṣo tó ní in ti tó. Ọmọ kọ̀ọ̀kan tí òbí yẹn bá bí, bí ẹni da owó ẹyọ kan sílẹ̀ ni: bóyá kó ṣíjú, bóyá kó dojú délẹ̀. Kò mọ ọkùnrin, kò mọ obìnrin. Ẹni tó ní in sì lè darúgbó láìmọ̀.

Ọmọ 19 yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ mú lọ. Ẹni tó dákú lẹ́nu eré sísá, tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tún wá kú báyìí, ẹ fi ọ̀rọ̀ ebi sílẹ̀. Kó má gbá bọ́ọ̀lù, kó má sáré, títí wọ́n á fi yẹ̀ ẹ́ wò. ECG kì í dunni, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ECG lè dáa kí àìsàn ṣì wà lábẹ́ ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí ẹ ṣe echo mọ́ ọn. Echo ò yàtọ̀ sí sikáànù aláboyún, ọkàn ni wọ́n fi ń wò dípò ọmọ. Ẹ mú ìwé àyẹ̀wò òkú náà dání. Yálà LAUTECH Teaching Hospital lẹ lọ ni o, yálà Bowen tí àwa àgbà ṣì ń pè ní Baptist, ẹ ní ẹ fẹ́ rí dókítà ọkàn. Bí wọ́n bá ní kí ẹ lọ sí ọsibítù UCH n'Ìbàdàn, ẹ má bínú, ẹ lọ.


Agba_OjaJagun | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:15 àárọ̀

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí. Géńdé ọkùnrin ṣubú, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án, ẹ ní ọkàn ló ki. Àwa ò bá ìyẹn láyé. Ẹ bi àwọn àgbà ilé yín léèrè ẹni tí wọ́n jọ ń fa ọ̀rọ̀ ilẹ̀.


Baba_Randa | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:40 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n wa Ọjà Jágun, mo júbà, ṣùgbọ́n ẹ bá ìyẹn láyé. Orúkọ mìíràn lẹ kàn ń pè é.

Mo jókòó nídìí tẹlifíṣọ̀n aládùúgbò wa ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ 1989. Nàìjíríà ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Àǹgólà ní pápá Súrùlérè. Ó ku díẹ̀ kí eré parí, ìṣẹ́jú 77, Samuel Okwaraji wó lulẹ̀ láìsí ẹni tó kọlù ú. Ẹni ọdún 25 ni, lọ́yà ni. Gbogbo ìta wa lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n ti ṣe é ni wọ́n ń sọ. Àyẹ̀wò òkú wá ní ọkàn ẹ̀ tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ sì ń ru. Ní 2003, ọjọ́ 26 oṣù kẹfà, Marc-Vivien Foé ti Kamẹrúùnù ṣubú ní Lyon bákan náà, ẹni ọdún 28. Ti Foé yìí gan-an ni HCM tí nọ́ọ̀sì ń sọ.

Kanu tiwa ńkọ́? Ní 1996, àyẹ̀wò tí Inter Milan ṣe fún un ló tú àṣírí àlébù tó wà ní fáàfù ọkàn ẹ̀, ìyẹn ilẹ̀kùn tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní Amẹ́ríkà, ó padà sórí pápá, ó tún gba ife. Àìsàn tiẹ̀ yàtọ̀ sí ti àbúrò yín o, àǹtí, fáàfù ni. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ló yọ ọ́.


Agba_OjaJagun | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:58 àárọ̀

Mo gbọ́. Kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò. Kí wọ́n ṣì bèèrè ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà.


Alfa_Kinnira | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:20 àárọ̀

Kí Ọlọ́run fi àlùjánnà kẹ́ ẹ. Ẹ sọ fún bàbá yín pé kò sẹ́ṣẹ̀ nínú àyẹ̀wò tí ọ̀ranyàn mú wá. Ànábì wa ní ká wá ìwòsàn. Ẹni tó ti lọ ti lọ, ẹ̀tọ́ àwọn tó wà láyé ló kù.


Omo_Apake | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:12 ọ̀sán

Ọ̀rọ̀ wárápá tí àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ sọ yẹn ló mú mi kọ̀wé. Ọmọ àbúrò ìyá mi, bí aago bá ti dún sí i létí lójijì láti ojú oorun, á dákú, ara ẹ̀ á sì gbọ̀n. Ọdún mẹ́jọ la fi wo wárápá: àgbo, ààwẹ̀, oògùn oyìnbó. Ìgbà tí dókítà kan n'Ìbàdàn ní kí wọ́n ṣe ECG ló tó hàn pé iná ọkàn ẹ̀ ni kì í tètè padà sípò lẹ́yìn tó bá ti lù. Long QT ni wọ́n pè é. Ọkàn tiẹ̀ ò ki rárá, echo ẹ̀ mọ́ kedere. Propranolol, oògùn tó ń dẹ ìlù ọkàn, ló ń lò báyìí, ó ti lọ́kọ. Wọ́n tún kọ àwọn oògùn tí kò gbọ́dọ̀ lò sínú ìwé fún un. Chloroquine wà níbẹ̀, erythromycin wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní "wárápá" nílé tó jẹ́ pé eré sísá, ẹ̀rù tàbí ariwo ló máa ń gbé e dìde, ẹ ṣe ECG.


TiMoTiFiSile | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:31 alẹ́

Ti ọmọ 19 yẹn ni mo fẹ́ sọ.

Ọdún mẹ́fà ni mo fi lo tírámádò. Ọ̀kadà ni mò ń gùn, Takie sí Ọ̀yọ́, nígbà mìíràn ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́. Fàájì kọ́ ló mú mi débẹ̀, ẹ̀yìn ló ń dùn mí. Oníwọ̀n 50 míligíráàmù ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá ó di 225, méjì, mẹ́ta. NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń rí sí oògùn, ò fọwọ́ sí 225 tàbí 250 tí wọ́n ń tà kiri yìí o, 50 àti 100 ló mọ̀. Nígbà tí ìjọba fi òfin de kíkó omi ikọ́ oníkòdíìnì wọ̀lú ní 2018, àwa tá a jọ ń mu ún ní gáréèjì ò fi nǹkan kan sílẹ̀, tírámádò la fi kún. Àyà mi á máa dún bíi gángan ọjọ́ ọdún, màá ní agbára dé.

Àǹtí, ẹ má gba gbogbo ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹni tó ti mọ́ lára, bó bá já a lójijì, inú rírun, òógùn, àìsùn, ẹsẹ̀ tí kì í dúró jẹ́ẹ́, á tún sáré padà sídìí ẹ̀ ni, ìyẹn gan-an ló ń pa àwọn mìíràn. Wọ́n ń dín in kù díẹ̀díẹ̀ lójú dókítà ni. Ọsibítù ńlá ní àwọn tó ń rí sí i, ọsibítù Àrọ̀ ní Abẹ́òkúta náà ní ẹ̀ka tiwọn. Ẹ má gbé e lọ síbi tí wọ́n á ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é mọ́gi, ẹ má sì fi ọlọ́pàá halẹ̀ mọ́ ọn. Kó sọ iye tó ń lò gan-an fún dókítà ọkàn, nítorí oògùn tí wọ́n máa kọ fún un.

Ẹni tó mú èmi gbọ́ràn ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Gbogbo ilé ti bú mi tán. Òun gbé àmàlà síwájú mi lọ́jọ́ kan, ó ń bu ọbẹ̀, kò wojú mi, ó ní, "Mélòó lo lò lónìí?" Bí ẹni bèèrè iye ẹran. Mo ní mẹ́rin. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo sọ òótọ́ nìyẹn.


Kemiisi_Sabo | Ọjọ́rú, 7:05 àárọ̀

Èmi ní ṣọ́ọ̀bù oògùn, ẹ má sọ mí lókò. Kì í ṣe tírámádò nìkan o. Àìsì, ìyẹn methamphetamine, àti kokéènì burú ju ìyẹn lọ fún ọkàn, wọ́n ń lé e sáré, wọ́n sì ń fún òpó ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ pọ̀. Bí wọ́n bá tún pò ó mọ́ ọtí, ọ̀rọ̀ ti di méjì.

Èyí tí ẹnikẹ́ni ò dárúkọ ni paraga àti ale. Àwọn kan ń lọ oògùn agbára ọkùnrin ti òyìnbó mọ́ ọn láìsọ fún ẹni tó ń rà. Irú oògùn bẹ́ẹ̀ ń já ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Ẹni tí ẹnu ọ̀nà ọkàn ẹ̀ ti há tẹ́lẹ̀ lè ti orí ìjókòó wó. Bí èsì bá fi hàn pé ẹ ní in, ẹ sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ta oògùn fún yín, títí kan èmi.


OmoAjilete_Gidi | Ọjọ́rú, 8:50 alẹ́

Ẹ ṣé gan-an. Mo ka gbogbo ẹ̀ sí ọkọ mi létí. Mo bá àbíkẹ́yìn wa sọ̀rọ̀ lórí fóònù, mo gbìyànjú ti àmàlà yẹn, láìsí àmàlà. Ó dákẹ́ títí, ó ní, "Méjì, àǹtí mi. Nígbà ìdánwò, mẹ́rin." Ó ní òun á tẹ̀ lé mi.

Ìyá wa ló kù. Mo ní kí àwọn náà ṣe ECG, wọ́n ní ẹni tó bá tún sọ ọ́ ò ní jẹun nílé àwọn.


Ara_Ijeru_Kanada | Ọjọ́rú, 11:20 alẹ́

Èmi náà ní HCM yìí. Ọmọ Ìjerù ni mí, Kánádà ni mò ń gbé. Bàbá mi sùn, wọn ò jí, ẹni ọdún 41. Àbúrò wọn náà lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ mọ orúkọ tí wọ́n máa ń pe irú ẹ̀ nílé wa, mi ò ní tún un pè. Ẹni ọdún 34 ni mí nígbà tí àyẹ̀wò iṣẹ́ tú àṣírí tèmi.

Ẹ̀rọ kékeré kan wà lábẹ́ awọ àyà mi lápá òsì, ICD ni wọ́n ń pè é. Ó ń ṣọ́ ìlù ọkàn, bó bá dàrú, á ta iná sí i kó lè padà sípò. Ó ti ta mí lẹ́ẹ̀kan. Ibi tí mo ti ń palẹ̀ yìnyín mọ́ lẹ́nu ọ̀nà ni, mo ṣáà rí i pé mo jókòó nílẹ̀, bí ìgbà tí ẹṣin tapá síni láyà. Irú ẹ̀ náà ló wà láyà Christian Eriksen, ará Denmark tó wó lórí pápá ní 2021. Ó sì ti padà sórí pápá. Ẹ má jẹ́ kí owó ẹ̀ dẹ́rù bà yín o, kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní in ló nílò ẹ̀rọ. Oògùn oníhóró ni ọ̀pọ̀ ń lò, ẹlòmíràn ò tiẹ̀ nílò oògùn, kó ṣáà máa lọ síbi àyẹ̀wò, kó máa mu omi dáadáa, kó sì jìnnà sí ohun tí àwọn tó ṣáájú mi ti kà sílẹ̀.

Ohun kan tí ẹ̀ ń gbàgbé: èsì tó dáa lónìí kì í ṣe títí ayé. Ọkàn lè bẹ̀rẹ̀ sí í ki nígbà ọ̀dọ́. Àwọn ọmọ mi, ọdún kan sí méjì ni wọ́n fi ń tún wọn yẹ̀ wò. Àgbàlagbà, bí ọdún mẹ́ta sí márùn-ún.


Bolu_UnderG | Ọjọ́bọ̀, 6:44 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀, mà. Àwa náà ń gbá bọ́ọ̀lù lálaalẹ́ ní àdúgbò Under-G. Bí ẹnìkan bá ṣubú báyẹn, kí ni ká ṣe?


Noosi_Takie | Ọjọ́bọ̀, 2:18 ọ̀sán

Ọmọ dáadáa, o ṣeun tó o bèèrè. Pè é, mì ín léjìká. Bí kò dáhùn, tí kò mí, tàbí tó ń mí lọ́kọ̀ọ̀kan gúrúgúrú bí ẹni ń hanrun, ọkàn ti dúró nìyẹn. Má jẹ́ kí híhanrun yẹn tàn ẹ́. Ara tó gbọ̀n ní ìbẹ̀rẹ̀ kì í ṣe wárápá dandan. Kí ẹnìkan máa wá mọ́tò tàbí kó pe ọsibítù. Ìwọ tẹ́ ẹ gbalaja sórí ilẹ̀ líle, fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ kan sí agbedeméjì àyà ẹ̀, gbé ọwọ́ kejì lé e, na apá gbọnrangandan, kí o tẹ̀ ẹ́ wọlé ní bíi sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6. Jẹ́ kó ru padà, tún tẹ̀ ẹ́. Ọgọ́rùn-ún sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, ó yá ju bí ẹ ṣe rò lọ. Bó bá rẹ̀ ẹ́, ẹlòmíràn gbà á. Ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tí ọwọ́ ò sí láyà ẹ̀, ìdá bíi 7 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún ń kúrò nínú àǹfààní àtiyè ẹ̀.

Ẹ má ki ṣíbí sí i lẹ́nu. Ẹ má fún ẹni tó dákú ní mílíìkì tàbí epo, ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró ló máa gbà. Ẹ má gbé e sórí ọ̀kadà, kò sẹ́ni tó lè tẹ àyà lórí ọ̀kadà. Ẹ wá mọ́tò tó ní ẹ̀yìn, ẹ tẹ́ ẹ síbẹ̀, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lọ.

Àǹtí, mo mọ̀ pé ẹ̀ ń ka èyí. Àwọn ọmọ yẹn ò mọ̀, kò sẹ́ni tó kọ́ wọn.


Bolu_UnderG | Ọjọ́bọ̀, 2:31 ọ̀sán

Egungun ìhà ẹ̀ ò ní kán, mà?


Noosi_Takie | Ọjọ́bọ̀, 2:33 ọ̀sán

Ó lè kán. Egungun á jinná.


IyaIbeji_Arada | Ọjọ́bọ̀, 10:10 alẹ́

Ọ̀rọ̀ ìyá yín ṣì wà lọ́kàn mi. Àǹtí, ẹ má bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni mọ̀wé. Ẹ rántí ayé tí àwọn èèyàn ò fẹ́ gbọ́ jẹ́nótáìpù sétí? Lónìí, ta ló ń ṣe ìgbéyàwó láìbèèrè? ECG kan ò tó owó aṣọ ẹbí tí àwa obìnrin ń kó jọ lọ́dún. Ẹ jókòó tì wọ́n ní yàrá wọn, ẹ̀yin méjèèjì nìkan. Ẹ má bèèrè nípa àìsàn. Ẹ bèèrè ta ló ti kú ní kékeré nílé bàbá wọn, kí ẹ sì panu mọ́. Ìyá tó ń bínú tó báyẹn, nǹkan kan ló mọ̀.


OmoAjilete_Gidi | Ọjọ́ Ẹtì, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, 9:05 alẹ́

Ẹ má bínú pé mo pẹ́. IyaIbeji, ẹ̀yin obìnrin yìí!

Mo jókòó tì wọ́n. Wọ́n ń ṣa ẹ̀gúsí. Mo bèèrè bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, mo sì panu mọ́. Wọ́n ṣa ẹ̀gúsí yẹn títí mo fi rò pé wọn ò gbọ́. Ni wọ́n bá ní ẹ̀gbọ́n àwọn ọkùnrin kan wà tó kú sínú oko nígbà tí àwọn ò tíì lọ́kọ, ẹni ọdún 31, níbi tó ti ń ru iṣu. Àwọn èèyàn ní mágùn ni, ẹbí sì fi ìtìjú bo orúkọ ẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọn ò dárúkọ ẹ̀ fún wa rí. Èmi àkọ́bí ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ẹ̀rù oògùn kọ́ ló ń bà wọ́n látọjọ́ yìí. Ẹ̀rù pé láti ọ̀dọ̀ àwọn ló ti wá ni.

Èmi àti àbúrò mi obìnrin ti ṣe méjèèjì, wọ́n ní ó dáa, ká padà wá lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Èkejì wa ọkùnrin ń ti Èkó bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. ECG àbíkẹ́yìn kò dáa. Dókítà ti ní kó má sáré mọ́ rárá, wọ́n kọ oògùn kan tó ń dẹ ìlù ọkàn fún un, wọ́n sì fún un ní ọjọ́ echo n'Ìbàdàn. Ó sọ òótọ́ nípa tírámádò náà, wọ́n ti so ó pọ̀ mọ́ dókítà mìíràn tó ń bá a dín in kù. Ó ti di ẹyọ kan. Inú ń bí i, kì í sùn, ṣùgbọ́n ó ń gbé fóònù mi.

Mo fi ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì han ọmọ tó ni ṣíbí. Ó kà á ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ó ní ṣé nọ́ọ̀sì lè wá sí pápá wọn ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Àìkú kan, àwọn á kó ara àwọn jọ.

Ìbéèrè kan ló kù: ṣé kí ọmọ yẹn gbààwẹ̀ kó tó lọ ṣe echo?


Noosi_Takie | Ọjọ́ Ẹtì, 9:22 alẹ́

Rárá, kó jẹun. Kó wọ ẹ̀wù tó ní bọ́tìnnì níwájú, kó má fi ìpara pa àyà. Ẹ ní màá wá sí pápá, kí wọ́n wá tìmùtìmù kan tó le, ìyẹn la máa tẹ̀. Ìyá yín ńkọ́, ṣé wọ́n ti fún wọn ní ọjọ́?


OmoAjilete_Gidi | Ọjọ́ Ẹtì, 9:25 alẹ́

Ọjọ́ kan náà ni, mà. Àwọn fúnra wọn ló ní kí n gba ìjókòó mẹ́ta nínú mọ́tò.